Pákó MDF: Ibi Tí Yóò Dúró Ni Kí A Fi Yàn Án

Ó ṣọ̀wọ́n nísinsìnyí kí a tó wọ ilé titun ní Ìkòsì, ní Kétu tàbí ní Máìlì 12, kí a má rí pákó tí à ń pè ní MDF nínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀. Owó tí onílé ń ná lé e lórí kì í ṣe owó kékeré, orúkọ rere àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa sì rọ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ náà tó ohun tí àwa àti ẹ̀yin ìjòyè àti ọmọ ìlú lè jọ gbé yẹ̀ wò.

MDF kì í ṣe pákó tí a là lára ìtì igi. Igi ni wọ́n fi ẹ̀rọ lọ̀ títí ó fi rí bí òwú, tí wọ́n pò mọ́ àtè, tí wọ́n sì fi ooru tẹ̀ di pẹlẹbẹ. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é tà ní àárín àwọn ọdún 1960. Èyí tí a sábà ń rà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8, ó sì fẹ̀ ní 4. Bí ó bá nípọn ní mìlímítà 18, ó lè wọn nǹkan bí kílógíráàmù 40. Kò ní kókó, ojú rẹ̀ tẹ́jú, ọ̀dà sì ń jókòó lé e dáradára. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tí a óò kùn.

Ṣùgbọ́n omi ni ọ̀tá rẹ̀, Ìkòsì kò sì jìnnà sí odò Ògùn. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí Oṣù Kẹsàn-án àti Oṣù Kẹwàá lè mú wá, bí òjò bá pọ̀ tí wọ́n sì tú omi sílẹ̀ láti ìsédò Ọ̀yán tí a ṣí ní ọdún 1983. Ní ọdún 2010, omi wọ ilé ní Ajégúnlẹ̀ àti ní agbègbè Máìlì 12, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fi ilé sílẹ̀. Bí omi bá gba etí MDF wọlé, yóò wú, ìṣó inú rẹ̀ yóò tú, bí ó tilẹ̀ gbẹ, kò ní padà sí bí ó ti wà.

Oríṣi kan wà tí a fi àtè mìíràn ṣe kí ó lè fara da ọ̀rinrin, wọ́n a sì máa pa á láró aláwọ̀ ewé. Aró náà kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí ẹnikẹ́ni lè pa pákó láró. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ òtítọ́, kí ó gé ẹ̀là kan tí ó jẹ́ mìlímítà 50 ní òró àti ní ìbú, kí ó wọn bí ó ti nípọn tó láàárín, kí ó rì í sínú omi fún wákàtí 24, kí ó sì tún un wọ̀n. Ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù tí a ń pè ní EN 622-5 fi lélẹ̀ pé pákó mìlímítà 18 ti lásán kò gbọdọ̀ wú ju ìdá 12 nínú 100 lọ, ti ọ̀rinrin kò sì gbọdọ̀ ju 8 lọ. Bí pákó aláwọ̀ ewé mìlímítà 18 bá di 20, aró lásán ni a fi owó rà. Èyí tí ó tilẹ̀ yege pàápàá, ọ̀rinrin àti ìtasí omi ni ó lè fara dà, kì í ṣe àgbàrá.

Àwọn baba wa kò fi ọwọ́ kékeré mú yíyan igi. Igi ọ̀mọ̀ ni wọ́n ń wá bí wọ́n bá fẹ́ gbẹ́ ìlù. Ìrókò, tí ikán kì í tètè mú, ni wọ́n ń wá fún ilẹ̀kùn. Wọn kì í bèèrè pé igi wo ni ó dára jù, bí kò ṣe iṣẹ́ tí igi náà yóò ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni kí àwa náà ṣe. MDF lásán tó fún ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù nínú yàrá gbígbẹ. Kí a fi ti ọ̀rinrin ṣe ilẹ̀kùn ilé ìdáná, kí a sì fi ọ̀dà dí gbogbo etí tí ayùn bá gé. Pẹpẹ tí yóò ru ẹrù wúwo, kí ó jẹ́ pláíwúùdù tí ó dára. Ẹsẹ̀ tí yóò kan ilẹ̀, kí ó jẹ́ ìrókò, kí ó sì gbé àpótí náà ga.

Àwọn kan yóò wí pé kí a kọ pákó àjèjì sílẹ̀ pátápátá, kí a padà sí ìrókò nìkan. A bọ̀wọ̀ fún èrò wọn. Ṣùgbọ́n ìrókò kì í gbó ní ọdún kan, owó rẹ̀ sì ju agbára ọ̀pọ̀ onílé lọ. Kí a lò ó níbi tí kò sí ohun tí ó lè rọ́pò rẹ̀.

Ohun kan kù tí ó wúwo ju owó lọ, èyíinì ni ẹ̀mí àwọn ọmọ-iṣẹ́. Bí ayùn bá ń gé MDF, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ a máa fò wọ imú wọn. Ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ ti ka lẹ́búlẹ́bú igi mọ́ àwọn ohun tí ń fa àrùn náà ní ọdún 1995, ó sì ka formaldehyde, tí ó wà nínú àtè ọ̀pọ̀ pákó wọ̀nyí, mọ́ wọn ní ọdún 2004. Kí ọ̀gá wá pákó tí ó ní àmì E1, tí formaldehyde tí ń ti ara rẹ̀ jáde kò pọ̀. Kí ó fún ọmọ-iṣẹ́ ní ìbòmú tí ó dára. Kí a sì máa gé pákó níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi àjákù rẹ̀ dáná oúnjẹ.

Àbá wa kò ṣòro. Kí gbẹ́nàgbẹ́nà kọ irú pákó tí ó lò, bí ó ti nípọn tó, àti ibi tí ó lò ó sí, sínú ìwé owó tí ó fún oníbàárà. A sì bẹ ẹ̀yin ìjòyè wa kí ẹ pe àwọn aṣáájú oníṣẹ́ náà jọ, kí ẹ fi èyí lélẹ̀ láàárín wọn kí òjò mìíràn tó dé. Onílé tí ó mọ ohun tí òun rà kò ní pe oníṣẹ́ ní ẹlẹ́tàn nígbà tí omi bá dé; oníṣẹ́ tí ó sì kọ òtítọ́ sílẹ̀ kò ní wá ẹlẹ́rìí kiri.