Irin Inú Ẹsẹ̀ Kì í Ṣe Èèwọ̀ Òrìṣà

Lónìí, n kò mú odù kan pàtó wá fún ìtúpalẹ̀. Àríyànjiyàn ni mo mú wá, lórí ọ̀rọ̀ kan tó ń ta gbòǹgbò láàárín àwa oníṣẹ̀ṣe ní Ogbooro níbí àti káàkiri Òkè-Ògùn. Wọ́n ní ẹsẹ̀ tí dókítà là, tó sì fi irin sí, kò gbọdọ̀ wọ igbódù mọ́. Wọ́n tún ní ẹni tí iṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀ bá mú jókòó sílé fún oṣù méjì, Ifá kò tíì yé e tó ni. Irọ́ ni méjèèjì. Irọ́ tó lè sọ èèyàn di arọ sì ni wọ́n.

Ọ̀rọ̀ náà kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀kadà yẹ̀ lọ́nà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí nínú òjò, ó dùbúlẹ̀ lé ẹsẹ̀ òsì mi. Irin pẹlẹbẹ kan àti ìṣó mẹ́ta ló wà nínú ẹsẹ̀ náà báyìí, mo sì wà ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tó fọ́, nítorí àìmọ̀ nípa ibẹ̀ ló ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Eegun 26 ló wà nínú ẹsẹ̀ kan, láti ọrùn ẹsẹ̀ dé ọmọ ìka. Ní àárín, níbi tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, ni àwọn eegun gígùn márùn-ún tó lọ sí ìka ti pàdé àwọn eegun kúkúrú, tí iṣan líle sì so gbogbo wọn pọ̀. Orúkọ Jacques Lisfranc ni àwọn oníṣègùn fi ń pe oríkèé yìí. Ará Faransé ni ọkùnrin náà, ó ṣiṣẹ́ abẹ fún àwọn ọmọ ogun Napoleon, ó sì kú ní 1847. Ohun tí wọ́n fi máa ń ṣe àpèjúwe ìpalára yìí ni ẹlẹ́ṣin tó já bọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ há sínú irin ìtẹsẹ̀ gàárì. Láyé ìgbà náà, gígé ni Lisfranc ń gé e láti oríkèé yẹn. Àwa tí a ń gbé nítòsí ahoro Ọ̀yọ́-Ilé, ìlú àwọn ẹlẹ́ṣin, kò yẹ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣàjèjì sí wa. Ọ̀kadà ló gba ipò ẹṣin.

Ìpalára yìí a máa fara pamọ́. Ẹsẹ̀ á wú, gbogbo ilé á ní ó kàn rọ́ lásán ni. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ ni wọn kì í rí ní àyẹ̀wò àkọ́kọ́, kódà nílé ìwòsàn. Bí ẹ bá rí i pé ẹ̀jẹ̀ kú sí àárín àtẹ́lẹsẹ̀, tí ẹni náà kò sì lè fi ẹsẹ̀ yẹn dúró, ẹ má fọwọ́ ra á, ẹ má fà á. Ibi tí wọ́n ti lè ya àwòrán eegun ni kí ẹ gbé e lọ.

N kò bú àwọn tó ń to eegun nílé. Wọ́n sún mọ́ wa, owó wọn kò wọ́n tó ti ilé ìwòsàn, ọ̀pọ̀ apá àti ojúgun tó ṣẹ́ lásán ni ọwọ́ wọn sì ti tò. Ṣùgbọ́n àárín ẹsẹ̀ kì í ṣe ojúgun. Bí eegun ibẹ̀ bá yẹ̀ díẹ̀ péré, tí a sì jẹ́ kó jiná bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ náà á tẹ́ pẹrẹsẹ, oríkèé rẹ̀ á sì máa dun èèyàn títí ọjọ́ alẹ́. Èyí tó burú jù ni dídì tó le. Àwọn dókítà Nàìjíríà ti kọ ọ́ sílẹ̀ léraléra pé pákó àti aṣọ tí a so pinpin mọ́ ẹsẹ̀ tó ń wú lè dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà. Ẹsẹ̀ á kú, á dúdú, á sì jẹrà, gígé ló sì máa ń kẹ́yìn rẹ̀. Bí ìka ẹsẹ̀ bá ti ń tutù, tí kò mọ ìfọwọ́kàn mọ́, tú okùn náà kíákíá. Kò sí ọfọ̀ tó ń jí ẹran ara tó ti kú.

Mo wá dé orí irin. Ta ló ni irin? Ta ló ni abẹ? Àwọn olóòlà tó ń kọlà, tí wọ́n ń dá abẹ́ fún ọmọ, Ògún kọ́ ni wọ́n ń bọ kí wọ́n tó fi abẹ kan ara? Awakọ̀ ń bọ ọ́, alágbẹ̀dẹ ń bọ ọ́, ọdẹ ń bọ ọ́. Báwo wá ni irin Ògún tó wọ ẹsẹ̀ mi láti mú eegun méjì so pọ̀ ṣe di ohun tí òrìṣà kórìíra? Ẹni tó bá ní Ògún lòdì sí abẹ dókítà, ọ̀bẹ wo ló fi ń pa ajá Ògún? (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dà á rú: Òkè-Ògùn wa, odò Ògùn la fi sọ ọ́. Mo ti gbọ́ tí ẹnì kan fi orúkọ ilẹ̀ wa jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí.)

Wọ́n tún ní ara tó lábùkù kò yẹ ojúbọ. Ẹnu yà mí pé ọmọ Awo ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sanyìn tó ni gbogbo ewé, tí Ọ̀rúnmìlà alára kò lè ṣe láìsí i, ẹsẹ̀ mélòó ló ní? Ẹsẹ̀ kan, apá kan, ojú kan ni ọ̀pọ̀ ìtàn sọ pé ó ní, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn ọmọ wa tí òkun gbé lọ sí Kúbà ṣì ń sọ ọ́. Ọbàtálá ńkọ́? Òun la mọ̀ ní alámọ̀ tó ń mọ ènìyàn. Òun ló ni arọ, òun ló ni abuké, òun ló ni àfín. Ẹni òrìṣà la ń pè wọ́n. Ẹni tó bá lé arọ kúrò ní ojúbọ, kó múra àlàyé tí yóò ṣe fún Ọbàtálá.

Ọ̀rọ̀ ìsinmi ló dùn mí jù. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, àwọn àgbà mẹ́ta wá kí mi, wọ́n ní kí n dìde kí n fẹsẹ̀ kan jó, kí Ifá lè rí i pé mo gbà á gbọ́. Wọn kò wá ṣe ibi, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni irú ẹsẹ̀ yìí sábà máa ń lò láìtẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a óò wọ bàtà líle, tí a óò máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì lè tó ọdún kan kí agbára rẹ̀ tó padà. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ṣáájú àkókò, ìṣó á kán nínú rẹ̀, eegun á tún yẹ̀.

Ṣé ohun àjèjì ni èyí? Àwọn baba wa tó ń to eegun, wọn a ṣẹ́ adìẹ lẹ́sẹ̀, wọn a tò ó pẹ̀lú ti aláìsàn, wọn a sì máa wò ó. Ọjọ́ tí adìẹ bá fi ẹsẹ̀ náà rìn ni wọ́n tó ń tú okùn ẹsẹ̀ èèyàn. Àánú adìẹ ń ṣe mí, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wọn hàn: àkókò ni wọ́n ń ṣọ́. Kò sí ẹni tó ní kí adìẹ jó kí Ifá lè rí i.

Ìtàn kan sì wà nínú Ifá tí gbogbo wa mọ̀. Gbogbo Orí péjọ láti gbìmọ̀, wọn kò pe Ẹsẹ̀ sí i. Ìmọ̀ tí wọ́n gbà kò ṣeé ṣe títí wọ́n fi ránṣẹ́ pè é. Àwa ń bọ Orí lójoojúmọ́, a sì ń fi ẹsẹ̀ ẹni tó fara pa ṣeré.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀yin àgbà awo kò ṣòro. Ẹ sọ ọ́ ní gbangba lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá pé ẹni tí iṣẹ́ abẹ ṣe kò ní dọ̀bálẹ̀, kò ní kúnlẹ̀, kò sì ní jó, títí dókítà yóò fi ní ó tó. Ẹ gbé àga fún un. Kí ẹbọ rẹ̀ rú, kí owó ọkọ̀ tí yóò fi padà lọ fún àyẹ̀wò ní Ṣakí tàbí Ìbàdàn náà sì jáde láti ọwọ́ ẹgbẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń jókòó sílé nítorí àìsí owó yẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ṣì ní irin inú ẹsẹ̀ jẹ́ èèwọ̀, kó dárúkọ odù tó kà á léèwọ̀, kó kì í létí gbogbo wa. Mo ti bi awo púpọ̀ léèrè láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án yìí. Kò tíì sí ẹni tó kì í.