Ẹ Yé Bẹ́ Igi Lórí

Lọ́dọọdún, tó bá ti di ọjọ́ 14 oṣù Keje, ìpínlẹ̀ Èkó máa ń gbin igi. Fọ́tò á lọ súà. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ta ló ń tọ́jú igi náà tó bá dàgbà tán? Ẹni tó bá ṣáà ti ní àdá ni.

Àwa ò fara mọ́ ọn. Wọ́n á bẹ́ igi lórí, wọ́n á ní àwọn ń dín ewu kù. Irọ́ ni! Igi náà á sáré yọ ẹ̀ka tuntun tí kò rọ̀ mọ́ ọn dáadáa. Tó bá tóbi tán, òun gan-an ni ìjì máa fà ya lé mọ́tò yín lórí.

Alex Shigo, onímọ̀ igi ará Amẹ́ríkà, fi ẹ̀rọ ayùn la igi rẹpẹtẹ wò. Ó fi hàn pé ọgbẹ́ igi kì í jinná bíi ti èèyàn. Ńṣe ni igi ń mọ ògiri yí ibi tó bàjẹ́ ká. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń gé ẹ̀ka ńlá lẹ́ẹ̀mẹta: wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́ ẹ lábẹ́ kí èèpo má baà ya, wọ́n á gé e látòkè, wọ́n á wá gé kùkùté tó ṣẹ́ kù, láì kan ibi tó wú ní ìdí ẹ̀ka.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ ni. Láti 1924 ni ẹgbẹ́ International Society of Arboriculture ti wà, wọ́n sì ń ṣe ìdánwò fún oníṣẹ́. Àwa tí à ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ò jẹ́ fi ti báńkì lé ẹni tí ò kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́. Igi ọgbọ̀n ọdún ńkọ́?

Ẹ bi ẹni tó gbé ayùn wá léèrè ibi tó fẹ́ gé àti ìdí rẹ̀. Bí kò bá rí i sọ, ẹ ní kó máa gbé ayùn ẹ̀ lọ.