"Ọ̀dọ́" Tí Wọ́n Ń Wí, Ṣé Kò Kan Obìnrin Ni?

Ní ìsinmi tó kọjá, èmi àti ọmọ kíláàsì mi kan jọ ṣiṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe kan lọ́dọ̀ wa ní etí omi Ìlàjẹ. Iṣẹ́ kan náà ni: ká wọ ọkọ̀ ojú omi láti abúlé kan sí èkejì, ká ka ilé, ká kọ orúkọ sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko. Nígbà tí owó dé, ₦4,000 lójúmọ́ ni wọ́n san fún un, wọ́n san ₦3,000 fún mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ kan náà la jọ ṣe." Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọbìnrin, ta lò ń bọ́?" Ọmọkùnrin yẹn náà kò bọ́ ju ara rẹ̀ lọ o. Indomie mi ló ń jẹ láti ọdún kejì wa ní yunifásítì.

Kì í ṣe tìtorí ₦10,000 ni mo fi ń kọ èyí. Ìdáhùn yẹn náà ni wọ́n ti ń fún àwọn ìyá wa tipẹ́, irọ́ sì ni. Ẹ lọ sí ọjà Igbókòdá, kí ẹ wo ẹni tó ń sọ ẹja di owó. Ọkùnrin ló ju àwọ̀n, mo sì mọ̀ pé òkun ń pa ọkùnrin, mi ò fojú kéré ewu yẹn. Àmọ́ bí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀, ìyá ló ń gba ẹja náà, tó ń fọ̀ ọ́, tó ń tò ó sórí ààrò, tó ń yí i padà nínú èéfín títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n. Òun ló ra igi, òun ló san owó ọkọ̀ dé ọjà. Owó yẹn ló gbé ọ̀pọ̀ nínú wa dé ilé ìwé. Síbẹ̀, bí ẹ bá béèrè iṣẹ́ tí ìyá ń ṣe, wọ́n á ní, "Ó ń ran bàbá lọ́wọ́."

Nígbà tí epo dé, ọ̀rọ̀ náà burú sí i. Iṣẹ́ olówó oṣù tó kàn wá létíkun, ọwọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ epo àti àwọn agbaṣẹ́ṣe wọn ló pọ̀ sí, "iṣẹ́ ọ̀dọ́" la sì ń pè é. Ní Oṣù Karùn-ún 1998, àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ tó lé ní 100 lọ sí ibùdó Parabe tí Chevron ní lórí òkun, wọ́n ń béèrè iṣẹ́ àti àtúnṣe sí omi wa tó bàjẹ́. Wọ́n yìnbọn fún wọn, méjì kú. Mi ò ní fi ẹ̀jẹ̀ wọn ṣeré. Ṣùgbọ́n lẹ́nu wa títí dòní, bí a bá ti ní "ọ̀dọ́," ọkùnrin là ń wí.

Àwọn obìnrin gan-an ti gbà á bẹ́ẹ̀. Ní Oṣù Keje 2002, àwọn ìyá Ugborodo, àwọn Itsekiri tí èdè wọn bá tiwa tan, gba ibùdó epo ChevronTexaco ní Escravos. Wọ́n jókòó síbẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́wàá, wọ́n ní àwọn á bọ́ra sí ìhòòhò. Ilé-iṣẹ́ náà gbà. Lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ni iṣẹ́ fún àwọn ọmọkùnrin wọn. Ìlérí tó kan àwọn ìyá náà fúnra wọn ni ọ̀sìn adìyẹ àti ẹja, kí wọ́n lè máa ta oúnjẹ fún ibùdó náà. Obìnrin jagun, adìyẹ ni wọ́n ṣèlérí fún un.

Ẹ má wí fún mi pé àṣà ni. Ní Ayétòrò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947, àpò kan ṣoṣo ni èrè gbogbo ìlú ń wọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò sí owó oṣù fún ọkùnrin, kò sí fún obìnrin. Ayétòrò kì í ṣe ọ̀run, ọkùnrin ló ń jọba níbẹ̀. Àmọ́ Ìlàjẹ ni wọ́n, wọn kò sì béèrè ẹni tí obìnrin ń bọ́ kó tó jẹ nínú àpò náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ nípa òfin mọ èyí tó kù. Ìwé òfin 1999, abala 17, ní kí owó dọ́gba fún iṣẹ́ tó dọ́gba, láìwo akọ tàbí abo. Abala 6 ìwé kan náà wá ní a kò lè torí rẹ̀ lọ sí kóòtù! Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn ILO lórí owó tó dọ́gba láti 1974. Lẹ́yìn àtúnṣe 2010, National Industrial Court lè gbọ́ ẹjọ́ ìyàsọ́tọ̀ níbi iṣẹ́, ó sì lè wo irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹ̀ka ní Àkúrẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ka owó sí lọ́wọ́ létí omi, tí kò gba lẹ́tà kankan, kí ló fẹ́ gbé dé Àkúrẹ́?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti jáde, tẹ́ ẹ ti di agbaṣẹ́ṣe, ẹ̀yin náà wà nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń kà á. Ẹ kọ iye owó iṣẹ́ sára ìwé kẹ́ ẹ tó mọ ẹni tó fẹ́ ṣe é. Ìsinmi mìíràn ń bọ̀, màá tún lọ síbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi àti ọmọ kíláàsì mi ti jọ gbà pé a ò ní wọ ọkọ̀ títí wọ́n á fi dárúkọ owó àwa méjèèjì lójú ara wa.