Ta Ni Í Fi Ẹran Fún Ìkookò Ṣọ́?

Ìpínlẹ̀ kọ́ ni ó ń pinnu ẹni tí ó lè dìbò ní Nàìjíríà. Ìwé orúkọ olùdìbò tí àjọ INEC ṣe ni gbogbo wọn ń lò. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ti ìjọba ìbílẹ̀, òfin ọdún 1999 gbé ìdìbò náà lé àjọ tí gómìnà yan lọ́wọ́, àjọ yìí kan náà ni yóò sì kéde ẹni tí ó wọlé.

Àbájáde rẹ̀ kò fara sin. Ní ọdún 2024, NNPP tí ó ń ṣe ìjọba ní Kánò nígbà náà kó gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 44; APC kó gbogbo 20 ní Ògùn. Ní Àbújá, níbi tí INEC ti ń ṣètò irú ìdìbò yìí, PDP gba Abuja Municipal ní 2022 nígbà tí APC wà lórí àlééfà.

Àwọn kan ní gbígba agbára yìí lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ yóò sọ Àbújá di alágbára jù. INEC náà kò mọ́ láú, Ààrẹ ni ó sì ń yan alága rẹ̀. Ṣùgbọ́n agbára tí wọ́n ń gbèjà rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ará ìlú. Ọwọ́ gómìnà ni ó wà.

Ní oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà. Owó nìkan kò tó: alága tí gómìnà gbé wọlé, ojú gómìnà ni yóò máa wò.

Àtúnṣe òfin kò lè kẹ́sẹ járí láìsí ìfọwọ́sí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24. Àwọn aṣòfin wọ̀nyẹn ni kí olùdìbò bi léèrè, kí ó tó tún tẹ̀ka fún wọn.