Ọmọ Wa Ní Òkè Òkun Àti Eré Ìdárayá

Ọmọ tí ń dàgbà ní bárékè Ọ̀jọ́ kì í wá ẹgbẹ́ tì. Èyí tí ó wà ní ìlú Òyìnbó kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn títì ni ó ń gbé. Síbẹ̀, àwọn òbí kan ń lé e kúrò ní pápá nítorí ìwé. Èyí kò tọ́ lójú wa.

Bukayo Saka, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2001, kò fi ìwé sílẹ̀ fún bọ́ọ̀lù. Ní 2021, nígbà tí ó pàdánù pẹnáritì fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn kan bú u nítorí àwọ̀ rẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dúró tì í gbágbáágbá.

Ẹ̀yin òbí àgbà, bí ẹ bá ń bèèrè ìwé ọmọ lórí tẹlifóònù, ẹ bèèrè eré rẹ̀ pẹ̀lú.