Kí Katakata Tó Dé Erédò

Ọmọ Mamu ni mí. Nígbà tí a fẹ́ mọ ààlà oko kòkó bàbá mi, awọnlẹ̀ ní kí á fi àdá la ọ̀nà gbọọrọ kí ojú òun lè dé ọ̀pá tó rì mọ́lẹ̀ lápá kejì. Igi kòkó mẹ́tàdínlógún la bẹ́ lọ́jọ́ náà, tèso tèso. Ìyá mi jókòó ti èso wọ̀nyẹn, kò fọhùn.

Lónìí, ìmọ́lẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ àdá yẹn. Láídà ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ rẹ̀. Wọ́n á so ó mọ́ ọkọ̀ òfuurufú tàbí dúróònù, á máa ta lésà sílẹ̀, ó lè lé ní 100,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìmọ́lẹ̀ ń sá 300,000 kìlómítà láàárín àkókò kan náà, nítorí náà bí ẹ̀rọ bá ti ka ìgbà tí lésà fi lọ tó fi bọ̀, ó ti mọ bí ilẹ̀ ṣe jìnnà sí òun tó. Igbó ńkọ́? Ẹni tó bá ti dúró lábẹ́ kòkó lọ́sàn-án gangan mọ ẹ̀kán oòrùn tó máa ń tò sórí ewé gbígbẹ. Ihò tí oòrùn ń gbà yẹn náà ni lésà ń gbà. Èyí tó pọ̀ á kọ lu ewé, díẹ̀ á kanlẹ̀. Kọ̀ǹpútà á wá ṣa igi kúrò, ilẹ̀ á ṣẹ́kù.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni Erédò Súngbọ́, yàrà àti òkìtì àwọn baba wa tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Ó lé ní 160 kìlómítà, ó sì ga tó 20 mítà láwọn ibì kan. Ọ̀mọ̀wé Peter Lloyd kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1959. Ọ̀mọ̀wé Patrick Darling fẹsẹ̀ rìn ín ní àwọn ọdún 1990. Wọ́n gbìyànjú, ṣùgbọ́n igbó kì í jẹ́ kí ẹlẹ́sẹ̀ ríran jìnnà. Ní Caracol, ìlú àtijọ́ kan nínú igbó kìjikìji Belize, Arlen àti Diane Chase ti walẹ̀ ju ogún ọdún lọ kí láídà tó fò kọjá ní 2009. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó tú 200 kìlómítà níbùú lóòró síta fún wọn.

Owó láídà kò kéré, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n lójú katakata tó ń túlẹ̀, òkìtì amọ̀ lásán ni Erédò. Ìjọba Ògùn àti ti Èkó, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Olábísí Ọ̀nàbánjọ ní Àgọ́-Ìwòyè, mo bẹ̀ yín: ẹ gbé láídà fò lórí gbogbo Erédò ní ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, kí ẹ sì kó máàpù rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀.