Àlòkù ni, Kì í Ṣe Tòkunbọ̀

Orúkọ kan wà tí àwa Yorùbá fi fún ẹrù tí kò tọ́ sí. Orúkọ náà ni Tòkunbọ̀. Ọmọ tí a bí sí ẹ̀yìn odi, tí àwọn òbí rẹ̀ gbé la òkun kọjá wá sílé, ni a ń sọ ní Adétòkunbọ̀ tàbí Ọlátòkunbọ̀. Adé ni a kà á sí, ọlá ni a kà á sí. Lónìí, bí ẹ bá dé Ìwó Road ní Ìbàdàn, níbi tí èrò ọ̀nà Èkó, ọ̀nà Ifẹ̀ àti ọ̀nà Ìwó ti ń pàdé, ẹ ó rí táyà tí wọ́n tò jọ gègèrè, tí wọ́n fi ìpara dúdú pa títí ó fi ń dán. Ẹ bi ẹni tí ń tà á léèrè bí ó ti rí, ohun tí yóò fi dá yín lóhùn ni pé, "Tòkunbọ̀ ni, sà." Ìbéèrè ti tán nìyẹn, owó ni ó kù kí a dá.

Ẹ wò ó bí a ti ṣe sọ aṣọ lórúkọ. Aṣọ tí òyìnbó wọ̀ kù, tí wọ́n kó wá tà fún wa, òkìríkà ni a pè é, ẹni tí ó bá sì rà á kì í fẹ́ kí aládùúgbò òun mọ̀. Bẹ́ẹ̀ òkìríkà kò gbókìtì lójú títì rí. Táyà tí òyìnbó lò kù wá ńkọ́? Òun ni a fi orúkọ ọmọ aládé pè! Iṣẹ́ èdè ni mo ń ṣe, n kì í ṣe fọkanáísà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti ṣìnà ni ìrònú ti ń bá a ṣìnà.

N kò bá awakọ̀ Micra tí ń gbé èrò láti Ìwó Road lọ sí Ọjọ́ọ̀ jà. Àìní ni ó lé e dé ìdí òkìtì táyà, ó sì mọ̀ pé òun kò rí èyí tí ó dára rà ni. Ẹni tí mo ń bá wí ni ọ̀mọ̀wé ẹlẹgbẹ́ mi, tí ó fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ mílíọ̀nù ra ọkọ̀ asáré, Subaru tàbí Audi, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà, tí ó wá lọ ra táyà yìnyín sí i nídìí rẹ̀ nítorí pé eyín táyà náà ga. Mo ti rí irú rẹ̀ kan. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo eyín rẹ̀! Jámánì nìyí!" Àwòrán òkè orí mẹ́ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà náà, àwòrán yìnyín sì wà láàárín òkè. Ó rò pé òǹtẹ̀ ọlá ni. Lẹ́tà V náà wà níbẹ̀, tí ó túmọ̀ sí pé táyà náà lè gba eré kìlómítà 240 láàárín wákàtí kan. Kò bi ara rẹ̀ pé ìgbà tí táyà wà lọ́tun ni wọ́n fún un ní lẹ́tà yẹn.

Ohun tí ó wà nídìí táyà yìnyín kò ju ọ̀rọ̀ epo pupa lọ. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, epo pupa a máa dì nínú ìgò. Bí oòrùn bá ràn, a yọ́. Rọ́bà náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Bí òtútù bá ti mú tó ìwọ̀n 7 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí ó sì ń lọ sílẹ̀ sí i, rọ́bà táyà ìgbà ooru a bẹ̀rẹ̀ sí í gan, kò ní lè di ilẹ̀ mú dáadáa mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn òyìnbó fi ń po rọ́bà mìíràn fún ìgbà òtútù, èyí tí ó rọ̀, tí kì í gan bí òjò dídì tilẹ̀ bo ojú ọ̀nà. Wọ́n tún ń gé eyín rẹ̀ wẹ́wẹ́ bí ẹni ń gé ilá, kí ojú gígé náà lè máa bu yìnyín mú. Ọgbọ́n ńlá ni, mo yìn wọ́n fún un. Ṣùgbọ́n ta ni ń gbé òrí sójú oòrùn tí ó ń retí kí ó le? Ní oṣù Ẹrẹ́nà ní Ìbàdàn, afẹ́fẹ́ nìkan a máa tó ìwọ̀n 34, ọ̀dà ojú títì sì gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Níbẹ̀, rọ́bà tí a pò fún òtútù yóò máa mì lábẹ́ ọkọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Eyín wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn yóò máa tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, yóò máa jẹ kíákíá, bí awakọ̀ bá sì tẹ bíréèkì, ọkọ̀ yóò kọjá ibi tí ó yẹ kí ó ti dúró.

Báwo ni ó ṣe jẹ́ pé èyí tí eyín rẹ̀ ṣì ga ni wọ́n ń sọ nù lọ́hùn-ún? Ní Austria, bí eyín táyà ìgbà òtútù kò bá tó mìlímítà 4 mọ́, òfin kò kà á sí táyà ìgbà òtútù mọ́. Ní Jámánì, láti oṣù kẹwàá ọdún 2024, táyà tí ó ní lẹ́tà M+S nìkan, tí kò ní àwòrán òkè yẹn, kò bá òfin ojú ọ̀nà oníyìnyín mu mọ́. Ohun tí ojú wa rí bí eyín gíga, ìdọ̀tí ni lójú òfin wọn. Òfin tiwa náà kò dákẹ́: àlòkù táyà wà lára ẹrù tí àwọn aṣọ́bodè kà léèwọ̀ láti kó wọ Nàìjíríà, àfi táyà ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tí wọ́n fẹ́ tún ojú rẹ̀ ṣe. Ẹni tí ó bá dé Ìwó Road yóò rí i bí èèwọ̀ náà ti múlẹ̀ tó.

Wọn a ní, "Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ mi ní ń ṣiṣẹ́." Òótọ́ ni. Ìyẹn wúlò nígbà tí ọkọ̀ bá ń gbéra, ó sì wúlò nínú ẹrẹ̀. Kò kan ọ̀rọ̀ dídúró rárá. Bíréèkì àti táyà ni gbogbo ọkọ̀ fi ń dúró, ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan sì ti kan ilẹ̀ kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Èyí tí ó tún le jù ni pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kórìíra àdàlù. Bí a bá ra méjì lónìí, tí a tún ra méjì mìíràn tí kò bá wọn dọ́gba lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àwọn jíà tí ń pín agbára fún iwájú àti ẹ̀yìn yóò máa ṣiṣẹ́ bí ẹni pé ọkọ̀ ń yí kọ́nà ní gbogbo ìgbà. Wọn yóò gbóná, wọn yóò sì jẹ. Owó tí a rò pé a dá sí lórí táyà, mẹkáníìkì ni yóò gbà á, pẹ̀lú èlé.

Bí táyà bá wá bẹ́ lọ́nà Èkó, a ó ní Ògún ni, tàbí kí a ní ayé ni. Ògún ni ó ni irin. N kò mọ ìgbà tí ó gba iṣẹ́ rọ́bà mọ́ ọn.

Èsì kan wà tí n kò lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: ọ̀tun wọ́n. Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa ní Port Harcourt ní 2007, Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà ní 2008, bẹ́ẹ̀ igi rọ́bà ṣì ń bẹ nínú igbó wa tí a ń gba oje rẹ̀. Ẹ̀bi àwọn tí ń ṣèlú wà níbẹ̀, ó sì pọ̀. Àmọ́ ẹni tí ó ní owó ọkọ̀ asáré kò lè fi ìyẹn bojú. Bí owó táyà mẹ́rin ọ̀tun bá ká a láyà, ọkọ̀ náà ju agbára rẹ̀ lọ nìyẹn.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́dọ̀ àwọn oníròyìn, àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò àti àwa olùkọ́ ni pé kí a gba orúkọ wa padà. Ẹ jẹ́ kí a máa pe nǹkan yìí ní àlòkù. Ẹni tí ó bá gbọ́ àlòkù yóò fẹ́ béèrè pé ta ni ó lò ó, níbo ni ó ti lò ó, fún ọdún mélòó. Tòkunbọ̀ kì í jẹ́ kí a béèrè, nítorí a kì í bi ọmọ ọba ní ọjọ́ orí rẹ̀.

Ìdáhùn sì wà lára táyà fúnra rẹ̀. Ẹ wá lẹ́tà DOT, kí ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn: 2219 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kejìlélógún ọdún 2019. Ọdún 4 láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é ni àjọ SON fi lélẹ̀ fún táyà ní ilẹ̀ yìí. Kí ó jẹ́ táyà ìgbà ooru, kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, kí ìwọ̀n rẹ̀ sì bá èyí tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn awakọ̀ mu. Bí ẹ bá rí òkè orí mẹ́ta tí yìnyín wà láàárín rẹ̀, ẹ dá a padà sórí òkìtì, kí ẹ sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún ẹni tí ń tà á, nítorí kò sí ẹni tí ó sọ fún òun náà.